Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Rí ní Mọ̀ntánà

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti ìdálẹ̀ dé tí kò fi irọ́ díẹ̀ sí ìròyìn rẹ̀, ẹ kì í gbà pé ó lọ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí mo gbé bọ̀ yìí ti yó, kò fẹ́ irọ́ kankan mọ́. Àwọn àgbà ní arìnjìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà débi pé àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀ ló dúró tí wọ́n ń wò mí bí abuké.

Ohun tó gbé mi kúrò ní Ìjẹmọ̀

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtọ́kú, ilé mi sì wà ní Ìjẹmọ̀. Fúnmiláyọ̀ ni àbíkẹ́yìn mi. Ó lọ kàwé sí i ní Amẹ́ríkà, ó kàwé títí, ó sì kàwé kan ọkọ. Ọjọ́ tó pè wá lórí fóònù, ó ní Kálébù ni orúkọ ọmọkùnrin náà, òyìnbó ni, bàbá rẹ̀ sì ń sin màlúù ní ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Mọ̀ntánà. Ìyàwó mi béèrè bóyá wọ́n máa ń da màlúù náà kọjá lójú títì. Fúnmi ní rárá, inú ọgbà ni wọ́n wà. Ìyàwó mi mí kanlẹ̀, ó ní ó sàn díẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. A kì í fọmọ fún ilé tí a kò wádìí. Bó bá jẹ́ pé Ìbarà ni ọkọ ti wá, tàbí Ìtokò, ìyàwó mi á ti mọ ohun tí wọ́n jẹ lánàá kí ọ̀sán tó pọ́n. Ṣùgbọ́n ta la fẹ́ bi ní Mọ̀ntánà? Mo ní màá lọ fúnra mi.

Kí n tó lọ, mo dé Wásinmi láti dágbére fún Bọ̀dá Àjàní, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdẹ paraku ni. Ó ń fi òróró nu ṣakabùlà rẹ̀ nígbà tí mo dé.

“Ṣé bàbá ọmọ náà ní ìbọn nílé?” ó bi mí.

“Fúnmi ní ó ní.”

“Ó ti bùṣe. Má wulẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Jẹ́ kí wọ́n yìnbọn lójú ẹ. Ẹni tó bá ń kánjú yìnbọn, á kánjú bínú, á sì kánjú lé ìyàwó jáde. Ẹni tó bá ní sùúrù nídìí ìbọn, fún un lọ́mọ.”

Mo ní mo ti gbọ́. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù òyìnbó. Ẹ̀rù pé ọmọ mi á lọ jókòó síbi tó jìnnà, àwọn àna á máa rí wa bí ará oko, a ó sì di ẹni tí ń rí i nínú fóònù títí ayé. Òun ni mo gbé wọ bàálù.

Ìka méjì

Ọ̀rọ̀ bàálù, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká fò ó. Fúnmi àti Kálébù ló wá pàdé mi. Ọmọkùnrin náà ga, ó ní irùngbọ̀n pupa, ó sì gba àpò láfún tí mo gbé lérí lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọmọ tuntun. Mo kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo tún mú ojú le, nítorí ìwádìí ni mo bá lọ.

Ilẹ̀ wọn tẹ́ lọ rẹrẹ, lẹ́yìn náà òkè á kàn dìde lójijì, yìnyín á wà lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé Olúmọ dé ibẹ̀, wọ́n á rò pé ọlọ ata ni.

Ìwà wọn ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Bí mọ́tò bá pàdé wa lọ́nà, awakọ̀ rẹ̀ á gbé ìka méjì sókè lórí sítíárì, ó parí. Ìkíni nìyẹn. Mo bi Fúnmi pé, “Èmi bàbá arúgbó yìí ni wọ́n ń fi ìka méjì kí?” Ó ní bí wọ́n bá gbé mẹ́ta sókè, á jẹ́ pé wọ́n fẹ́ràn mi gan-an.

Nígbà tí a dé ilé, Rọ́ọ̀sì, bàbá Kálébù, ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí i bí a ti ń kí àna. Mo ní ẹ kú ilé, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ wa, ẹ sì kú màlúù. Fúnmi túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Rọ́ọ̀sì náà sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn. Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò burú, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi, ṣùgbọ́n tiwọn ń gba imú jáde, n kò lè máa lé e kiri. Fúnmi ni ògbufọ̀ wa títí mo fi kúrò.

Ẹran tí kò mọ ata

Ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n fi gbà mí lálejò, ẹran kan tó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó tóbi tó màlúù. Rọ́ọ̀sì ló pa á. Wọ́n gbé e síwájú mi pẹ̀lú ọ̀dùnkún, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, bó ti wà nígbà tí Ọlọ́run dá a. Mo yọ ìgò ata gbígbẹ mi. Rọ́ọ̀sì na ọwọ́, ó bu ṣíbí kan. Fúnmi kígbe, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, òógùn bò ó, ṣùgbọ́n kò sáré, kò mumi. Ó jókòó jẹ́jẹ́ títí ata náà fi kọjá, ó wá ní, “Ó dára.” Mo fi máàkì kan fún un lọ́kàn mi.

Ìyá Rọ́ọ̀sì, tí gbogbo wọn ń pè ní Gíránmà, bu ṣíbí méjì, kò sì ṣẹ́jú. Ìyá àgbà yìí yóò tó ẹgbẹ́ ìyá tó bí mi. Mo fún un ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ìyàwó mi fi rán mi, ó sì ta á léjìká lójú ẹsẹ̀.

Níbi oúnjẹ yẹn ni Rọ́ọ̀sì ti béèrè bóyá ọdẹ wà nílé wa. Ẹnu mi kò sì ní sákání. Mo ní ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí. Òótọ́ ni. Mo ní ìbọn kò ṣàjèjì sí mi. Òótọ́ ni, mo máa ń rí i lára ògiri ilé Bọ̀dá Àjàní. Mo ní kò sí ohun tí mo fojú sùn rí tí mo tàsé. Òótọ́ náà ni, nítorí n kò fojú ìbọn sun nǹkankan rí láyé mi.

Rọ́ọ̀sì mi orí, ó sì ní kí ilẹ̀ mọ́.

Àna dọ̀bálẹ̀

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Fúnmi àti Gíránmà ń fọ abọ́. Rọ́ọ̀sì àti Kálébù mú mi lọ sí pápá ẹ̀yìn ilé. Mo rò pé ìbọn ńlá tí ń dán gbinrin ni wọ́n máa gbé jáde. Rárá o. Ìbọn ọdẹ lásán ni, èyí tí bàbá Rọ́ọ̀sì fi pa ẹran títí ó fi kú. Igi ìdí rẹ̀ ti họ, wọ́n kàn de awò gbọọrọ kan mọ́ orí rẹ̀ kí ohun tó jìnnà lè súnmọ́ ojú. Rọ́ọ̀sì nawọ́ sí òdìkejì pápá, lábẹ́ òkè. Irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kùn ní funfun. Lójú mi, kò ju hóró àgbàdo kan lọ.

Mo ń wò ó bí mo ṣe rí Rọ́ọ̀sì tó ṣí fìlà. Ó kúnlẹ̀. Ó nà gbalaja síwájú mi, àyà nílẹ̀, ikùn nílẹ̀. Kí n tó sọ pé kí ló dé, Kálébù náà ti nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, kí lẹ bá ṣe? Mo bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tí wọ́n lè máa dọ̀bálẹ̀ fún. Bàbá ọkọ àti ọkọ, lórí koríko, nínú òtútù, níwájú bàbá ìyàwó! Omi bọ́ lójú mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé wọn lẹ́yìn.

“Ẹ ó dàgbà, ẹ ó dògbó. Ilé yín kò ní dahoro. Ọmọ tí ẹ wá tọrọ, mo ti fi fún yín. Yóò bí takọ-tabo.”

Rọ́ọ̀sì kò mira. Mo yọ fóònù, mo pe ìyàwó mi.

“Ìyá Fúnmi, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ o! Bàbá àti ọmọ! Gbalaja!”

Ariwo tó ta ní Ìjẹmọ̀, mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn òkè yẹn. Mo gbọ́ ohùn ìyá onílé ìkejì wa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn àna mi kò dìde. Mo ní, “Ẹ dìde, ó tó.” Wọn kò dìde. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé ló pọ̀ lára wọn tó báyìí, pé wọ́n ń retí àdúrà sí i. Mo fi kún un. Mo gbàdúrà títí àdúrà fi ń tán lẹ́nu mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún màlúù. Nígbà tó yá, mo yí padà kí n lè gbọ́ ohun tí ìyàwó mi ń sọ. Ìgbà yẹn, tí ọwọ́ mi ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ni Rọ́ọ̀sì yìnbọn.

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Abetí ajá mi bọ́ lórí. Gbogbo nǹkan dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà irin ọ̀ọ́kán yẹn dáhùn: gááán.

“Kí nìyẹn?” ìyàwó mi ń pariwo láti inú koríko.

“Ìbọn ni.”

“Háà! Wọ́n tún yìnbọn ayọ̀!” Ó sì sáré lọ sọ fún àwọn ará ilé.

Fúnmi tú jáde láti ilé ìdáná, ọṣẹ lọ́wọ́.

“Bàbá, kí lẹ sọ fún màámi? Wọ́n ní wọ́n ti ń jó ní Ìjẹmọ̀!”

“Àwọn àna ti dọ̀bálẹ̀ tọrọ rẹ. Mo ti gbà.”

Ó wò mí, ó wò wọ́n nílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi lóṣòó. “Bàbá, ìbọn ni wọ́n ń yìn! Ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn dé ọ̀nà jíjìn, ilẹ̀ ló ń sùn sí, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n.”

“Ṣé ìbọn ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún?”

“Ìbọn ni, bàbá.”

Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tirẹ̀ náà kú. “Ṣé ẹ máa gba àdúrà yín padà ni?” ó bi mí pẹ̀lẹ́.

“Àdúrà àgbà kì í padà. Ṣùgbọ́n ó lè dúró ná lẹ́nu ọ̀nà.”

Ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún Rọ́ọ̀sì. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn koríko kúrò lára, ó ronú. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń di ẹbí àwọn láìjẹ́ pé ó sùn sílẹ̀ ní pápá yìí, tó sì mú irin yẹn dún. Gíránmà ṣe é nígbà tó wá bí ìyàwó. Fúnmi náà ti ṣe é. Bí èmi náà bá sùn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn tí irin sì dún, Kálébù á wá sùn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ wa, fún iye ìgbà tó bá wù wá.

“Ìwọ náà ti yìn ín?” mo bi Fúnmi.

“Mo ti yìn ín, bàbá. Ó ku ẹ̀yin.”

Mo ní ó dára. Ṣùgbọ́n mo ní ìdúró ni màá fi yìn ín. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, bàbá ìyàwó kì í dọ̀bálẹ̀ níwájú ọkọ ọmọ.

Ìdúró

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbọn wúwo. Mo gbé e dé èjìká, mo fojú sí awò. Òkè ni mo rí. Mo tún wò, màlúù ni mo rí. Irin funfun náà ń kọjá lọ kọjá bọ̀ níwájú mi bí ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀. Nígbà tó tún fẹ́ kọjá, mo já irin ìfà abẹ́ ìbọn gbì. Ìbọn gbá mi léjìká, eruku sọ níbì kan tí kò kàn wá. Mo tún yìn ín, mo tún tàsé. Kálébù gbé awò olójú méjì, ó ń wá ibi tí ọta gbà bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Rọ́ọ̀sì kàn na ọta míràn sí mi. Ì bá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ara ì bá tù mí.

Mo fẹ́ jọ̀wọ́ ìbọn sílẹ̀. Mo wo Fúnmi, ó ń jẹ èékánná bó ti máa ń ṣe ní kékeré nígbà tó bá ń retí èsì ìdánwò.

Bẹ́ẹ̀ ni Gíránmà jáde pẹ̀lú àga rẹ̀, àdìrẹ léjìká. Ó jókòó lẹ́bàá wa láti wòran. Ìgbà náà ni mo rántí pé n kò tíì kí ìyá àgbà yìí láti àárọ̀! Ọ̀rọ̀ ìbọn ti jẹ́ kí n ṣe bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. Láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo nà gbalaja níwájú rẹ̀.

“Ẹ kú àárọ̀ o, màmá.”

Gíránmà figbe ta. Ó ní mo ti kú. Ó ti fẹ́ máa tẹ̀ mí láyà kí n lè jí, kí Fúnmi tó ṣàlàyé fún un pé ìkíni ni. Ó béèrè bóyá gbogbo ìkíni wa ló rí báyìí. Fúnmi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ́rìn-ín dáadáa, ó wá sọ ohun kan.

“Ó ní kí ẹ má dìde, bàbá,” Fúnmi wí. “Ó ní bí ẹ ṣe wà yẹn gẹ́lẹ́ ló dára.”

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá ti tẹ́ àdìrẹ rẹ̀ sábẹ́ ìgúnpá mi. Wọ́n gbé ìbọn síwájú mi. Àpò iyanrìn tí wọ́n máa ń gbé e lé ti ya, Fúnmi sì sáré wọlé, ó gbé àpò míràn jáde.

“Fúnmi! Láfún mi!”

“Ẹ farabalẹ̀, bàbá. Ó rọ̀ ju iyanrìn lọ.”

Ẹ jẹ́ kó yé yín o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ ọ́ kiri: n kò dọ̀bálẹ̀ fún àna. Àgbà ni mo dọ̀bálẹ̀ fún. Nígbà tí mo wà níbẹ̀ ni mo kàn ṣàdédé bá ìbọn pàdé. Kò sí Ẹ̀gbá tó lè bá mi wí.

Ohùn irin

Gíránmà ló kọ́ mi. Ó ní kí n ya ẹsẹ̀, kí n tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti igi ìbọn. Ó ní ọta kì í lọ gbọnrangandan. Bí òkúta tí a jù ló ń wálẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yí bọ́tìnnì orí awò kí ẹnu ìbọn lè ga díẹ̀. Ó ní kí n máa wo koríko, òun ló mọ ibi tí atẹ́gùn ń lọ. Ó ní kí n mí jáde díẹ̀, kí n dúró, kí n má já irin ìfà. Kí n fà á bí ẹni tó ń fa òwú kúrò lára aṣọ ọmọ tó ń sùn.

Irin kan wà nítòsí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ó dún! Orí mi wú. Mo yí sí ti ọ̀nà jíjìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo kánjú, mo já a. Mo tàsé, okùn ẹnu àpò láfún já, ìyẹ̀fun funfun sì bò mí lójú. Nígbà tí mo la ojú, Gíránmà ń nu omijé ẹ̀rín. Kódà Rọ́ọ̀sì ti kọ ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Àjàní ti sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá ń kánjú yìnbọn! Mo wá wádìí àwọn èèyàn yìí, kò sì sí ẹni tó ń kánjú nínú wọn. Ọkùnrin yìí fi àyà lélẹ̀ nínú òtútù títí mo fi gbàdúrà fún màlúù rẹ̀ tán. Èmi nìkan ni mò ń sáré.

Mo bá mú sùúrù. Koríko tẹ̀, mo dúró. Koríko tún tẹ̀, mo tún dúró. Ìgbà tó nàró, mo mí jáde díẹ̀, mo fa òwú kúrò lára aṣọ ọmọ mi. Ìbọn ké. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ.

Gááán.

Fúnmi fò mọ́ mi lẹ́yìn. Mo pariwo bí wọ́n ti ń pariwo ní Wásinmi tí ẹran bá ṣubú. Kálébù náà pariwo, kò mọ ohun tó ń wí. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ní láfún ló kó sí i. Rọ́ọ̀sì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó gbé fìlà mi fún mi. Nígbà tí mọ́tò gbé mi lọ lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ wálé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìka sókè. Mo kà á dáadáa. Mẹ́ta ni.

Láfún tó kù, a rò ó jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìbọn náà. Ó ń rùn bí ẹ̀tù, ṣùgbọ́n a jẹ ẹ́ tán.

Ìjẹmọ̀

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kò pẹ́ tí mo dé ni Fúnmi àti Kálébù náà dé. Nínú pálọ̀ wa níbí ni, ìyàwó mi lórí àga, Bọ̀dá Àjàní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Fúnmi ti kọ́ ọmọ náà ní ohun tó máa sọ. Ó bọ́ sí àárín ilé, ó kúnlẹ̀, ó nà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe nà! Ó ya ẹsẹ̀, ó tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gún ìgúnpá méjèèjì, ó sì di ojú kan. Bẹ́ẹ̀ ló wà, kò sọ̀rọ̀, kò mí.

“Kí ló dé tó ń fi ojú kan wò mí?” ìyàwó mi béèrè.

“Kálébù, dìde,” mo ní. Kò dìde.

Bọ̀dá Àjàní tẹ̀ síwájú. Ó wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó tẹ̀lé ojú rẹ̀ lọ sókè, ó rí aṣọ fèrèsé tí fáànù ń fẹ́.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ó wí. “Atẹ́gùn ló ń dúró dè.”

Àwa náà bá dúró. Bí ẹ ti mọ ìlú wa, iná lọ. Fáànù rọra yí, ó rọra yí, ó dúró. Aṣọ fèrèsé rọ̀. Kálébù mí jáde díẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, màmá, ẹ fún mi lọ́mọ yín. Màá máa gbé e wálé.”

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, Fúnmi búra pé òun kọ́ ló kọ́ ọ. Gbogbo ilé wò mí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí èsì mi tó dé, bó ṣe máa ń pẹ́ kí irin ọ̀ọ́kán yẹn tó dún. Ṣùgbọ́n ó dé.